Oríkì Ìyípadà Òjijì, Ọmọ Apá Kejì

Ìbà o! Kí ẹni tó jókòó dìde, kí ẹni tó dìde ṣí fìlà, kí ẹni tí kò dé fìlà sáré lọ yá ti ará ilé kejì, kó dé e, kó tó ṣí i. Ẹni ńlá ń kọjá lọ.

Ìyípadà Òjijì, mo kí ọ!
Ọmọ Apá Kejì, mo kí ọ!
A-sùn-níkà-jí-ní-wòlíì,
A-fi-ẹ̀kán-omijé-kan-fọ-ẹ̀ṣẹ̀-wákàtí-méjì,
A-dúró-kó-ku-ìṣẹ́jú-márùn-ún-kó-tó-dé,
Òjò tí ń rọ̀ tí ojú ọ̀run ò ṣú,
Ọmọ tí a bí tí ẹnikẹ́ni ò lóyún rẹ̀,
Èso tó pọ́n lórí igi tí kò yọ òdòdó.
Ta ni ká fi ọ́ wé?

Àwọn akéwì yòókù ń ki ọba, wọ́n ń ki ìjòyè, wọ́n ń ki ẹni tó ná wọn lówó lóde ìyàwó. Èmi ò ní ìjòyè kankan lọ́rẹ̀ẹ́. Thomas Estate ni mò ń gbé, ní Ajah, inú ilé àyágbé. (Onílé mi ń dà mí láàmú lórí owó ilé, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ òní.) Ojúlé kejì sí mi ni ilé alájà funfun kan wà tí àwọn tó ń ya fíìmù Yorùbá máa ń háyà. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi ni mo ti ń wò ọ́, ìwọ ọlọ́lá, bí o ṣe ń bà lé àwọn ẹ̀dá inú eré lórí. Ẹni tó bá rí ohun tí mo rí, tí kò kì ọ́, abaramóorejẹ ni.

Jẹ́ kí n ka ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sí ọ létí kí inú rẹ dùn. Ìyáálé kan wà nínú eré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti di ìkà ṣíṣe mú bí ẹni di owó oṣù mú. Ó bu májèlé sí ọbẹ̀ ìyàwó kékeré. Ó gbé orúkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ó ta ilẹ̀ ọkọ lẹ́yìn ọkọ. Ó lé ọmọ ọlọ́mọ jáde lóru, ó wá yíjú sí dígí, ó rẹ́rìn-ín, dùùrù sì gbè é lẹ́sẹ̀ ní ohùn tó ń bani lẹ́rù. Wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ló fi ṣe báyìí. Kò rẹ̀ ẹ́. Kò ṣiyèméjì. Kò lá àlá burúkú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló wá fẹsẹ̀ kọ etí kápẹ́ẹ̀tì. Kò tilẹ̀ ṣubú. Ó kàn kọsẹ̀ ni. Ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀: “Ẹ dárí jì mí o. Èmi kọ́, iṣẹ́ èṣù ni.”

(Èṣù kò tíì fèsì. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣì ń dúró gbà.)

Ọkọ gbé e dìde. Ìyàwó kékeré tí májèlé fẹ́ pa dì mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n lé lóru ti di lọ́yà, ó ní òun á kọ́lé fún un. Gbogbo èèyàn bú sẹ́kún, lẹ́tà funfun sì gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n pé ògo ni fún Ọlọ́run.

Kápẹ́ẹ̀tì ló ṣe é!
A-rí-kápẹ́ẹ̀tì-ronú-pìwà-dà!
Àìsàn ò tó ọ, ẹ̀wọ̀n ò tó ọ,
Òfò ò tó ọ, ìtìjú ò tó ọ,
Ọjọ́ orí ò tó ọ, ikú ọmọ ò tó ọ.
Gbogbo ohun tí í yí ọmọ aráyé padà,
O fò wọ́n kọjá bí ọmọ iléèwé tó fo gọ́tà.

Ọjọ́ kan wà tí mo fi ojú ara mi rí ibi tí agbára rẹ ti ń wá. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn tó ń ya fíìmù ti dé láti ìdájí, wọ́n sì rán ọmọkùnrin kan sí wa lójúlé-ojúlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa jẹnẹrétọ̀ yín, síìnì kan péré la fẹ́ yà.” A pa á. Síìnì kan péré náà bímọ, ó bí ìbejì, àwọn ìbejì náà tún bí tiwọn. Ẹja inú fìrísà mi ti ń fi ojú bẹ̀ mí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ ẹ̀yìn òrùlé lọ, ẹni tó ni ilé ti rán ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wá dúró sí ẹnu géètì, kọ́kọ́rọ́ sì ń dún lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ń ṣe ìyáálé ló dúró lágbàlá ilé funfun náà pẹ̀lú léèsì funfun, ó di ìwé eré mú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kọjú sí olùdarí. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí mo fi fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀? Èébú ni mo ṣì ń bú wọn nínú síìnì tó ṣáájú.”

Olùdarí wo ojú ọ̀run. Ó wo ẹ̀ṣọ́. Ó wo kámẹ́rà tí iná bátìrì rẹ̀ ti pọ́n.

“Àǹtí,” ó ní, “ilẹ̀ ń ṣú.”

“Ó ti yé mi, sà.”

Ó kúnlẹ̀. Omijé dà lójú rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Mo gbá fèrèsé mú kí n má baà ṣubú, nítorí mo ti rí ìdí òkodoro. Ilẹ̀ ń ṣú! Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé jàn-ànràn jan-anran lórí ohun tó ń yí ọkàn èèyàn padà. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ni, wọ́n ní ìfẹ́ ni, wọ́n ní ẹ̀rù ikú ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ojú ọ̀run Ajah ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí owó ilé ọjọ́ kan ti fẹ́ di ti ọjọ́ méjì.

Ìyípadà Òjijì, ọmọ Ilẹ̀-ń-ṣú!
Ọmọ Bátìrì-ti-fẹ́-kú!
Ọmọ Ẹ̀ṣọ́-ń-mi-kọ́kọ́rọ́!
Bí ilẹ̀ ò bá ṣú, ìkà ò ní ronú,
Bí owó ò bá tán, ọ̀daràn ò ní bẹ̀bẹ̀.

Ìdílé ńlá lo ti wá, kì í ṣe ọmọ àná. Mo mọ̀ ọ́ nígbà tí o wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, mo mọ̀ ọ́ nígbà tí o bọ́ sínú sídíì, tí wọ́n ń kó ọ ní páálí-páálí ní Ìdúmọ̀tà àti ní Alábà. Ayé ń gún nígbà náà! Apá Kìíní á dá sí ibi tí ọ̀bẹ ti fẹ́ wọ ọrùn, òǹwòran á tún lọ mú owó wá kó tó rí Apá Kejì rà, ìwọ á sì jókòó sí ìparí Apá Kejì bí ọba lórí ìtẹ́, tí o ń dúró de owó kejì kó wọlé. Nísinsìnyí, orí YouTube lo kó lọ. Ibẹ̀ náà lo ti gba ìwúyè. Àbúrò ìyá mi kan wá kí mi lóṣù tó kọjá, ó nà sórí àga pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó ń bú ìkà kan nínú eré, ó ń ṣépè fún un. Lójijì ló fi ìka kan ojú fóònù, ó wo ìlà pupa tó wà nísàlẹ̀. Ó ní, “Háà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún báyìí.” Ìpolówó ọṣẹ kan já wọ àárín. Nígbà tí ọṣẹ kúrò ńlẹ̀, ìkà ti wà lórí eékún.

Ìlà pupa ni ifá rẹ, kì í ṣì!

Ẹ̀gbọ́n rẹ kan wà ní ilẹ̀ Ìgbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ìdílé jẹ́. Ní 1992 ni wọ́n gbé Living in Bondage jáde, eré èdè Ìgbò tó sọ òwò fídíò di òwò ńlá ní Nàìjíríà. Andy pa Merit ìyàwó rẹ̀ fún owó ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ó di olówó, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ì bá ti fi kápẹ́ẹ̀tì parí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ̀. Wọ́n ní kí òkú Merit máa yọ sí i, lóde àríyá, nínú ilé, níbi tí kò ti yẹ kó rí i, títí orí rẹ̀ fi yí tó di wèrè, kí wọ́n tó wá gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Irú ìnáwó wo nìyẹn? Ta ní ń sanwó fún iwin?

Bí mo bá ní kí n dákẹ́ lórí àwọn ọ̀tá rẹ, ẹnu mi á hun mí. Ọ̀gbẹ́ni Fágúnwà ló kọ́kọ́ ṣe ọ́ níkà, ní 1938, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ó kó àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó, ó mú wọn dé ilé Ìrágbèje, ó sì fi wọ́n jókòó fún ọjọ́ méje gbáko kí wọ́n máa gba ẹ̀kọ́, yàrá ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ ọ̀tọ̀. Ọjọ́ méje kí èèyàn tó gbọ́n! Ìwọ ì bá ti sọ gbogbo wọn di ọlọgbọ́n kí omi ẹ̀bà tó hó.

Ṣùgbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ̀tá tòótọ́. Ìwé eré rẹ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní 1970, mi ò sì mọ ohun tí o fi ṣẹ ọkùnrin náà. Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán, obìnrin tó lówó, tó lóko, tó lẹ́rú. Ìtàn sì sọ pé ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Obìnrin burúkú ni obìnrin burúkú, kí wọ́n yáa kun ojú rẹ̀ ní tìróò, kí eré máa lọ. Ìṣọ̀lá ò gbà. Ó mú àìlọ́mọ obìnrin náà, ó rọra ń ro ó bí ẹni ro àmàlà. Ìbànújẹ́ kan di ìlara ẹni tó lóyún. Ìlara di òfin ilé pé ẹrúbìnrin kankan ò gbọdọ̀ bímọ. Òfin di idà, idà sì kan Adétutù, ẹrú rẹ̀ tó lóyún. A kórìíra Ẹfúnṣetán títí eyín wa fi ń ro, síbẹ̀ a ò lè sọ pé a ò mọ ibi tí ọgbẹ́ náà wà lára rẹ̀. Ó fún wa ní ẹ̀fọ́rí! A lọ wo eré, a wá ń ronú! Èyí tó tún burú jù ni pé nígbà tí Ìbàdàn dìde sí i, tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, obìnrin náà ò kúnlẹ̀ ronú pìwà dà. Àbí kò sí kápẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn nígbà náà ni?

Ọkùnrin yìí kan náà ló tún kọ fíìmù Ṣaworoidẹ fún Túndé Kèlání, tí wọ́n gbé jáde ní 1999. Lápitẹ́ yẹra fún ètùtù ìmùlẹ̀ kó tó gorí oyè ọba ìlú Jogbo, torí ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi oyè náà ṣe. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kí ìlù ṣaworoidẹ tó wá dún láti gbẹ̀san. Ẹ wo ahun! Ẹni tó tọ́jú nǹkan láti Apá Kìíní wá jẹ ní ìparí.

Kunle Afolayan náà ò gbẹ́yìn nínú ọ̀tẹ̀. Sàró inú fíìmù rẹ̀ Aníkúlápó, ní 2022, ahunṣọ lásán ni nígbà tó wọ Ọ̀yọ́. Wọ́n lù ú pa lórí ayaba Arólákẹ́, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára jíjí òkú sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Níbí ni ìwọ ì bá ti já wọlé, kí Sàró di agbéraga kí a tó ṣẹ́jú. Rárá o. Òkú kìíní, àánú ni. Òkú kejì, ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ilé tóbi, agbádá gùn, ìyàwó pọ̀, Arólákẹ́ tó bá a jìyà di ẹni ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà tí yóò fi sọ pé àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọ ọba kí òun tó jí ọmọkùnrin ọba tó kú, a ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ látìgbà pípẹ́, a kàn ń mi orí ni. Eré náà lé ní wákàtí méjì, ó fi gbogbo rẹ̀ ba ọkùnrin kan ṣoṣo jẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀wà tó ń kan nínú ìkòkò. Fífi àkókò ṣòfò gbáà!

Ti Kemi Adetiba ló pa mí lẹ́rìn-ín. King of Boys, 2018. Sola Sobowale ló ṣe Ẹniọlá Salami ìyá àwọn jàǹdùkú, wọ́n sì tún lọ wá Toni Tones láti ṣe Ẹniọlá nígbà èwe, kí a lè rí ọ̀nà tó gbà dé ibi tó dé. Òṣèré méjì fún obìnrin kan! Nígbà tí páúdà wà lọ́jà!

Páúdà dé ẹnu mi, mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, Ogún-Ọdún-Lẹ́yìn-Náà.

Ogún-Ọdún-Lẹ́yìn-Náà, a-kọjá-kí-a-tó-sín!
A-fi-páúdà-sọ-ọmọge-darúgbó!
Ó kun irun iwájú, ó gbàgbé ti ìpàkọ́;
Ó sọ ojú di ti ìyá àgbà, ó fi ọrùn sílẹ̀ lọ́mọge;
Ó fún un ní ọ̀pá ìtilẹ̀, ó fi èékánná pupa sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀;
Ó fún un ní ikọ́ mẹ́ta: ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjókòó, ọ̀kan fún ìgbà tí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀.

Ìyanu tí ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ṣe ní ilé funfun yẹn, ojú mi rí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan gbé báàgì iléèwé jáde ní géètì láàárọ̀. Kí n tó sè tíì tán, ó ti padà wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n àti ikùn. Bàbá rẹ̀ tí wọ́n da páúdà sí lórí sáré pàdé rẹ̀. Bàbá ní, “Ọmọ mi!” Ọmọ ní, “Bàbá mi!” Wọ́n wo ara wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún èkejì. Àga kan náà ni wọ́n jókòó lé. Fóònù kan náà ló wà lórí tábìlì. Lára ògiri, kàlẹ́ńdà kan náà ṣì wà, oṣù kan náà ló ṣí sí. Ní ìta, ní Ajah wa níbí, ogún ọdún ti sọ irà di òpópónà, ó ti sọ igbó di ilé alájà, ó ti gbé afárá kọjá lórí wa. Nínú pálọ̀ yẹn, ogún ọdún dé, ó wo kàlẹ́ńdà, ó tọrọ gáfárà, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ibi tí ẹ ti wá pàdé, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ibẹ̀ ni orí mi ti ń wú. Fún ogún ọdún tó fi kọjá, ìyáálé ò yí. Ó rí àgbà, ó rí ọ̀pá, ó rí ikọ́; ìkà rẹ̀ ò dín bí ìka kan, kò lé bí ìka kan, bí ẹni pé wọ́n fi òṣùwọ̀n gàrí wọ̀n ọ́n. Ogún ọdún ò rí i gbé ṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ ló gbé e ṣe!

Kábíyèsí! Aláṣẹ, èkejì olùdarí!
O yẹ ìbéèrè sílẹ̀, o gba ẹ̀bẹ̀ wọlé,
O jẹ́ ká mọ ìgbà tí ìwà yí, o ò jẹ́ ká mọ ohun tó yí i,
O fi àwa òǹwòran sílẹ̀ pẹ̀lú omijé,
Ojú wa tutù, orí wa sinmi.

Mo ti kì ọ́ débi tí ọ̀fun mi gbẹ. Ẹni tó bá kini tó báyìí ń tọrọ nǹkan ni, èmi náà ò ní fi tèmi pamọ́. Onílé mi tí mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní, ó ti di ọ̀rọ̀ òní. Láti òjò èṣí ló ti ń ṣèlérí àtúnṣe páìpù kan tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, garawa mi ló sì ń pọn omi rẹ̀ dà nù. Ó ní owó ilé á tún gòkè lóṣù tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ọjà ló wọ́n. Mo rán àgbààgbà sí i, ó fún wọn ní mínírà tutù, ó sì fi iye kan kún un. Àìsàn ò ṣe é, òfò ò ṣe é, kò lá àlá kankan. Kò sí ohun kan láyé tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà tí ì bá fi yí padà.

Tìrẹ nìyẹn. Irú ẹni tó tọ́ sí ọ gan-an nìyẹn.

Ìyípadà Òjijì, máa bọ̀! Ọmọ Apá Kejì, má ṣe dúró de ìlà pupa! Mo ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ọ̀nà, mo sì ti ká etí rẹ̀ kan sókè díẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú. Mo ń gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ ní géètì.